Ẹja pípa lórí omi dídì pẹ̀lú àwọn ọmọ ní March: walleye àti perch ní Lake of the Woods

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta, Brooklyn Park

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Èmi, bàbá wọn àti àwọn ọmọ mẹ́ta, ọmọ ọdún 5, 8 àti 12, fẹ́ lọ pa oríṣi ẹja méjì, walleye àti perch, lórí adágún Lake of the Woods ní àríwá Minnesota ní Sátidé kejì oṣù March. A mọ̀ pé òfin ń ti walleye pa ní ọ̀pọ̀ adágún Minnesota ní ìparí February, àmọ́ tibí ṣì ṣí sílẹ̀ títí di April 14. Ohun tí a ní lọ́wọ́ ni auger ọlọ́wọ́ oní-íńṣì 6 tí wọ́n fi ń lu ihò sínú omi dídì, ọ̀pá ìwọ̀ kúkúrú méjì tí okùn pọ́n-ùn 6 wà lára wọn, àgọ́ aláṣọ tó gba èèyàn mẹ́rin, hítà gáàsì kékeré kan àti sled tí a ó fi wọ́ ẹrù.

Báwo ni omi ṣe gbọ́dọ̀ dì nípọn tó kí ọmọdé tó tẹ̀ ẹ́ ní àsìkò yẹn? Walleye ni kí á kọ́kọ́ lé ni tàbí perch? Kí ló dé tí perch fi máa ń jẹ ìdẹ tán lára ìwọ̀ kí èèyàn tó mọ̀? Ṣé hítà nínú àgọ́ kò léwu? Ohunkóhun tí ẹ bá rí tí mi ò béèrè, ẹ bá mi fi kún un. Ẹ ṣé púpọ̀.

ÀgbàOmi, Duluth

Ìyá, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí ẹja dúró ná, ká sọ̀rọ̀ omi.

Íńṣì 4 tí DNR Minnesota, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó omi àti ẹja, ń sọ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ti omi dídì tuntun tó mọ́ gaara ni. Èyí tó funfun bíi mílíìkì, tí sínóò ti dì mọ́ ọn, ìdajì agbára yẹn ló ní, ẹ máa sọ òǹkà náà di méjì. Àmọ́ tó bá ti di March, kí omi nípọn nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́. Lake of the Woods lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn, kó sì ti máa jẹrà nínú. Bí sínóò orí rẹ̀ bá ti yọ́, oòrùn á wọ inú omi dídì náà lọ tààrà, á máa yọ́ ojú ibi tí kóró kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì. Gbogbo rẹ̀ á wá pín sí gbọọrọ gbọọrọ tó dúró lóòró, bí àbẹ́là tí wọ́n dì ní ìdì. Ẹ fi irin gún un, á tú ká ṣẹẹrẹ. Mi ò ní gbé ẹsẹ̀ lé íńṣì 20 irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi kan náà á rìn lórí íńṣì 5 tó le tó sì mọ́ ní December.

Torí náà, ẹ ra ọ̀pá irin ẹlẹ́nu mímú, ìyẹn spud. Ẹni tó wúwo jù nínú yín ni kó ṣáájú, kó máa fi gún iwájú rẹ̀ gbàmù ní gbogbo ìṣísẹ̀ 3 tàbí 4, àwọn ọmọ á sì tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ ní àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹnì kìíní-kejì. Irin tó bá ń ta padà, tó ń dún kòkò, ẹ máa lọ. Irin tó bá wọlé ní ìgbà kan tàbí méjì, ẹ yíjú padà ní ọ̀nà tí ẹ gbà wá gan-an. Ibi tó bá dúdú tàbí tó rí bí eérú tó rin, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Etí omi ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ilẹ̀ dúdú ń gba oòrùn, omi sínóò tó ń yọ́ lórí ilẹ̀ ń ṣàn bọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ a sì là nígbà tí àárín adágún ṣì le bí òkúta. Láàárọ̀, lẹ́yìn òru tó tutù, etí náà á ti dì padà, ẹ ó kọjá wẹ́rẹ́. Ní aago 3 ọ̀sán, ó lè ti di omi tó bo ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá kó ọmọ lọ́wọ́ ní March pé kó fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún walleye. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ fi pa á. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà ní àfẹ̀mọ́jú àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹja ń jẹ nígbà méjèèjì, àmọ́ etí omi kò rí bákan náà.

Wọn yóò sọ fún yín pé walleye ti ń kó jọ sí ẹnu odò Rainy River, lágbègbè Pine Island àti Four Mile Bay. Òótọ́ ni, wọ́n ń múra láti gòkè odò lọ yé ẹyin ní April. Àmọ́ odò tó ń fà wọ́n wá náà ló ń fi ìṣàn rẹ̀ fá omi dídì láti abẹ́. Ibi tí ẹja ti pọ̀ jù yẹn ni omi ti le kéré jù ní March. Pẹ̀lú ọmọ ọdún 5, ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ san owó fún ilé ìtura tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí omi, wọ́n ń yẹ ọ̀nà náà wò lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta lórí fóònù: kí ni wọ́n gbà láyè láti wà lórí omi lónìí, ibo ni omi ti là ní gbọọrọ, aago mélòó ni etí omi ń rọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ nìkan, tàbí ọkọ̀ tiwọn nìkan, ẹ gbà.

Gbogbo yín, títí kan ọmọ ọdún 5, ẹ wọ aṣọ tó lè gbé èèyàn léfòó. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan so ìṣó onígi méjì kọ́ ọrùn, kó má wà nínú àpò. Okùn tó tó ẹsẹ̀ bàtà 50 ni kó wà lórí sled. Bí ẹnikẹ́ni bá jìn, ìṣẹ́jú 1 àkọ́kọ́ ni kó fi mú èémí rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ní bíi ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kó yíjú sí ibi tó ti wá, kó gún ìṣó mọ́lẹ̀, kó máa ta ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Tó bá ti gòkè, kó má dìde o, kó máa yí gbirigbiri lọ.

Òfin náà: láísẹ́ńsì ẹja Minnesota ọlọ́dún kan ń kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn February. Èyí tí ẹ fi pa ẹja ní January kò ní láárí mọ́ láti March 1, ẹ ra tuntun. Ọmọ Minnesota tí kò tíì pé ọdún 16 kò nílò rẹ̀. Ìwọ̀ méjì ni ẹnì kan lè fi sínú omi dídì. Walleye àti sauger, ẹja tó jọ ọ́, pa pọ̀ jẹ́ 6 fún ẹnì kan, walleye inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 4 lọ. Walleye tó bá wà láàárín íńṣì 19.5 sí 28, ẹ dá a padà. Ọ̀kan ṣoṣo tó ju 28 lọ ni wọ́n gbà. Perch, 20 lójúmọ́. Ẹ wo ìwé òfin ọdún náà kí ẹ tó lọ, wọ́n máa ń ṣàtúnṣe sí i. Sauger ní tótòtó dúdú lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, walleye ní funfun ní ṣóńṣó ìrù lápá ìsàlẹ̀.

Ọlọ́wọ́Ẹja, Fargo

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti omi tán. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn, ó sì dáhùn ìbéèrè yín kejì: ẹ fi wákàtí méjì àkọ́kọ́ lé walleye, kí ẹ fi ìyókù ọjọ́ lé perch. Ojú walleye ní awọ kan lẹ́yìn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, òun ló fi ń ríran níbi tó ṣókùnkùn ju ẹja tó ń lé lọ. Perch ní tirẹ̀ ń fi ojú ọ̀sán jẹun, á sì bá àwọn ọmọ ṣeré títí wọn yóò fi sọ pé ebi ń pa wọ́n. Omi Lake of the Woods dúdú díẹ̀, bí omi tí wọ́n rẹ ewé sí, torí náà walleye tàbí sauger kan tún lè ṣèèṣì wá lọ́sàn-án. Ẹ má bá a jà.

Auger yín: oní-íńṣì 6 dára fún perch, ó sì gba walleye tí òfin ní kí ẹ mú lọ sílé. Àmọ́ omi tó nípọn tó íńṣì 30, auger ọlọ́wọ́ míì ò ní dé ìsàlẹ̀. Ẹ wọn irin rẹ̀ láti ẹnu abẹ títí dé ibi tí ọwọ́ ti ń yí i. Bí kò bá tó, ẹ ra ìsọpọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí ilé ìtura bá yín lu ihò. Abẹ tó kú ni ìdí tí auger fi ń yí lórí omi láìjẹ ẹ́. Yanrìn ló ń pa á, nítorí náà ẹ má gbé e kalẹ̀ sórí ọ̀nà ọkọ̀, ẹ má sì fi gbá omi dídì láti gbọn yìnyín kúrò lára rẹ̀. Tí ẹ bá lu ún tó ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ fà á sókè kí èérún rẹ̀ tú jáde, kí ẹ tó máa lọ. Tó bá ti là á já, ẹ fà á gòkè ní ìgbà 2 pẹ̀lú omi, kí ẹ fi ṣíbí oníhò kó ìyókù. Ẹ lu gbogbo ihò tí ẹ nílò lẹ́ẹ̀kan náà, bíi 6, kí ẹ tó ju ìwọ̀ kankan, torí ariwo náà ń lé ẹja. Ihò méjì yóò wà nínú àgọ́, mẹ́rin níta.

Jíjìn: ẹ so òjé kan mọ́ ìwọ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí okùn á fi dẹ̀, kí ẹ sàmì sí i. Omi tó wúwo jù ni èyí tó tó nǹkan bíi 4°C, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń wà nígbà òtútù. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ náà ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa wá perch.

Fún walleye, ọ̀pá kan á máa mì, èkejì á dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó ń mì, ẹ fi spoon, ìyẹn ìdẹ onírin tó ń dán, aláwọ̀ wúrà tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tó wúwo tó 1/8 aúńsì sí i, kí ẹ gé orí minnow kan (ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìdẹ) sórí ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta rẹ̀. Ẹ gbé e sókè ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ jẹ́ kó bọ́, ẹ dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10. Ìgbà tó dúró yẹn ni walleye ń gbá a. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́, minnow tó wà láàyè ni kó wà níbẹ̀: ẹ fi ìwọ̀ gba awọ rẹ̀ lábẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn, kí ó má kan egungun, torí bó bá kàn án, á kú kíá, kò ní ta pútúpútú mọ́. Kó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1 sókè ìsàlẹ̀. Bí ọ̀pá bá tẹ̀, ẹ fún un ní okùn díẹ̀, ẹ ka 3, kí ẹ tó fà.

Wàyí o, ìdẹ tí perch ń jí jẹ. Okùn pọ́n-ùn 6 ni ìdí àkọ́kọ́. Ó nípọn, ó ń ká bíi sípíríǹgì nínú omi tutù, ẹja á ti fi ẹnu fa ìdẹ, á ti tu ú, kí ìró rẹ̀ tó dé ọwọ́. Ẹ fi pọ́n-ùn 3 sí ọ̀pá àwọn ọmọ. Ìdí kejì ni ìwọ̀ tó tóbi. Ẹ ra jig tungsten, ìyẹn ìwọ̀ tí irin wúwo wà lórí rẹ̀, tó fẹ̀ tó mílímítà 3 tàbí 4, tí ìwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 tàbí 14. Tungsten wúwo ju òjé lọ, kékeré rẹ̀ ń rì kíákíá, ọmọ yóò sì tún dé àárín ọ̀wọ́ ẹja kí wọ́n tó ṣí lọ. Ìdí kẹta wà lọ́wọ́ ẹni tó fi ìdẹ sí i. Waxworm, ìdin funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìdẹ, tí ìdajì ara rẹ̀ bá yọ kúrò lára ìwọ̀, ìdajì yẹn ni perch ń gé. Ẹ ti ìwọ̀ bọ orí rẹ̀ tó nípọn, kí ẹ wọ́ ọ gòkè bí ẹni ń wọ ìbọ̀sẹ̀, títí ṣóńṣó ìwọ̀ nìkan fi yọ. Ìdin kéékèèké méjì náà dára, ẹ fi ìwọ̀ gba ibi tí kò mú, kí omi ara rẹ̀ máa tú díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tún ra waya rírọ̀ tí wọ́n ń fi sí orí ọ̀pá, òun ni ẹ ó máa wò. Ní ìgbà púpọ̀, perch kì í fa waya yẹn sílẹ̀. Ó ń gòkè wá gba ìdẹ láti abẹ́, ó ń gbé ìwúwo jig náà, waya tó ti tẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn rọra nà. Ọmọ tó ń dúró de kó rì kò ní fà láéláé. Ẹ kọ́ wọn pé bí waya bá nà, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè íńṣì 6, ó tó.

Bí perch bá ń wá wò ó tí wọn ò jẹ ẹ́, jig yín ń yí ni. Ẹ gbé e sókè sínú ihò, ẹ wò ó: bó bá ń jó yípo lójú kan, okùn ti lọ́. Ẹ so swivel kékeré, irin tó ń yí tí kì í jẹ́ kí okùn lọ́, mọ́ ọn ní íńṣì 15 sókè jig. Tí wọn ò bá wá rárá, ẹ fi jig gbá ìsàlẹ̀ ní ìgbà 4 tàbí 5 kí ẹrẹ̀ rú, kí ẹ gbé e sókè íńṣì 3, ẹ mú un dúró. Ìṣẹ́jú 10 láìsí nǹkan kan, ẹ lọ sí ihò míì.

ÌyáÀgọ́, Winnipeg

Ọ̀rọ̀ hítà ni mo bá wá. Ó lè wà nínú àgọ́, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń pa ara rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kì í gbọ́ carbon monoxide, afẹ́fẹ́ tó dínkù nìkan ló ń gbọ́. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ ra alámì rẹ̀ tó ń lo bátìrì, ẹ gbé e kọ́ gíga ibi tí orí ọmọ máa ń wà nígbà tó bá jókòó. Ẹ ṣí fèrèsé àgọ́ kan lókè àti ojúhò kan nísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ń ti gbogbo rẹ̀ nítorí pé ọmọ ní òtútù ń mú òun, ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Orí fífọ́, èébì tàbí oorun òjijì lára ọmọ, ẹ gbé gbogbo wọn síta kí ẹ tó wá ìdí. Ẹ gbé hítà lé pákó, kó má bàa yọ́ omi kó sì dojú dé, kó sì jìnnà sí aṣọ ọ̀rá àwọn ọmọ tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Ibi tí òtútù ti ń mú ọmọ jù ni àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ fóòmù tí wọ́n ń so pọ̀, irú ti yàrá ìṣeré, ẹ gé ihò ìwọ̀ sára rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ onírun kan nínú bàtà tó ní ààyè dára ju méjì tó há lọ, torí ẹ̀jẹ̀ kì í lọ geere níbi tó há. Òwú kò dára rárá lára ọmọ, bó bá ti gba òógùn kì í gbẹ. Ẹ pa ìbọ̀sẹ̀ wọn dà gbàrà tí ẹ bá dé ibi ihò, kódà bó bá dà bíi pé ó gbẹ. Ìbọ̀wọ́ aláìníka lórí oníka, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ apá.

Oúnjẹ: ẹ da omi híhó sínú fúláàsì onílé fífẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń hó sínú rẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, á ti di líle ní ọ̀sán. Garawa onídèérí tó ní ọ̀rá nínú ni ilé ìyàgbẹ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà sílé.

Àgọ́ yín náà, ẹ kọ́kọ́ gún ìṣó ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá kí ẹ tó ṣí ìyókù. Lórí adágún tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, àgọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó dè é, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń lọ gbé e.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta, Brooklyn Park

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni. A ti ń ra waya rírọ̀ àti alámì carbon monoxide. Ó ku méjì: walleye tí òfin ní ká dá padà, báwo la ṣe ń ṣe é kó má kú? Kí ló sì ń sọ ẹran ẹja di rírọ̀ bí ẹ̀kọ tí a bá gbé e délé?

Ọlọ́wọ́Ẹja, Fargo

Ẹ má gbé e lé sínóò. Nígbà tí òtútù bá le, ojú rẹ̀ àti ibi tó fi ń mí á dì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ rin ọwọ́ yín, rin pákó ìwọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi orí rẹ̀ sínú ihò kó máa lọ. Ẹja tó ti ibi tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ gòkè, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti wú, àpò oúnjẹ rẹ̀ lè ti yọ sí ẹnu. Irú ẹ̀ kì í sábà yè. Torí náà ẹ dúró síbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ, àgàgà níbi tí ọmọ ti ń pa ẹja tí kò tó nǹkan, tí ẹ ó máa dá padà ṣáá. Bí ihò bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹja ń fi orí kọ́ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fa okùn ní agídí, ẹnu ihò á gé e. Ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀, kí ó yí ara rẹ̀ padà.

ÌyáÀgọ́, Winnipeg

Rírọ̀ yẹn, dídì àti yíyọ́ ló fà á. Ẹja tí wọ́n jù sórí omi dídì á le bí igi, á yọ́ nínú ọkọ̀ olóoru, wọ́n á tún sọ ọ́ sínú fíríísà. Ẹ pa á kíá, ẹ fi ọ̀bẹ ya ọrùn rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ fi sínú kúlà pẹ̀lú sínóò, kó tutù láìdì. Nítorí òfin ìwọ̀n, ẹ má gé orí, ìrù tàbí awọ rẹ̀ títí ẹ ó fi délé.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹbẹ ẹ̀yìn àkọ́kọ́ lára ẹja méjèèjì, ẹ̀gún ni, etí ibi tí walleye fi ń mí sì mú bí abẹ. Perch abo ní March kún fún ẹyin, odindi lápò kan. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, ẹ fi ìyẹ̀fun bò ó, ẹ dín in lórí iná kékeré kó má bẹ́. Bí ẹ bá rí kóró rúsúrúsú kéékèèké nínú ẹran perch, aràn ni, iná ń pa á, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan, ẹ sì lè fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́. Ẹran méjèèjì kò ní ọ̀rá bíi ti ẹja àrọ̀, ó ń fọ́ nínú ọbẹ̀. Kí ata ti jinná, kí òróró ti léfòó, kí ẹ tó tò ó sí i, ìṣẹ́jú 8 tó o. Ẹ má fi ṣíbí rò ó, ìkòkò ni kí ẹ gbé mì. Orí walleye kò ṣeé jù nù, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló dùn jù, ẹ fi ṣe ata rodo onílómi.

ÀgbàOmi, Duluth

Ohun kan tí mo gbàgbé. Minnow tó bá ṣẹ́kù, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi adágún gbé e lọ. Ẹ da omi yẹn nù lórí ibẹ̀, kí ẹ fi omi ẹ̀rọ tàbí omi ike rọ́pò rẹ̀, ẹ gbé jálá 1 dání fún un. Tí ẹ bá sì ń sun ibẹ̀ mọ́júmọ́ Sunday, tí Sunday náà bá jẹ́ Sunday kejì oṣù March, aago máa sún síwájú ní wákàtí 1 lóru yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́ bá, aago ọwọ́ yín ní àná kọ́ ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀.